Ẹni tí ó Rí Àmì tí kò Dá a Lójú

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé síwájú àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe purọ́, kí wọ́n má sì ṣe dákẹ́ nígbà tí ewu bá ń bọ̀ wá bá ọmọnìkejì wọn. Bí ènìyàn bá rí àmì ewu kan, tí kò sì dá a lójú pé òtítọ́ ni àmì náà, èwo ni ó tọ́ fún un láti ṣe: kí ó ké ni, tàbí kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́?

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀ mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Nígbàkúùgbà tí mànàmáná bá kọ ní ojú ọ̀run, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àti ìró àrá nìkan ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde. Ìgbì kan tí ojú kò lè rí a máa ti ibẹ̀ lọ yí ayé ká, láàárín ilẹ̀ àti ìpele kan lókè réré tí ó kún fún agbára mànàmáná. Mímì rẹ̀ lọ́ra, bí ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àrá tí ń sán ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí sì wà lára àwọn tí ń bọ́ ọ jùlọ. Àwọn amòye a máa gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láti gbọ́ ariwo yìí. Ní ọdún 1999, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Taiwan tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 2,000, àwọn tí ń gbọ́ ọ ní Nakatsugawa ní ilẹ̀ Jàpáànù ròyìn pé ó yí padà. Àwọn kan rò pé àpáta tí ìnira bá ń fún mọ́ra nísàlẹ̀ ilẹ̀ a máa mú agbára mànàmáná jáde kí ó tó fọ́. Àwọn mìíràn kò gbà.

Ní Corralitos, ní Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n Antony Fraser-Smith ti Yunifásítì Stanford gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ láti máa wọn irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 17, ó ru sókè gidigidi. Bí wákàtí 3 lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, ní bí kìlómítà 7 sí ẹ̀rọ náà, ènìyàn 63 sì kú. Ìgbà tí ilẹ̀ ti mì tán ni a tó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ti kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ Corralitos bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ àṣírí náà, títí di ọdún 2009, tí àwọn olùwádìí mìíràn fi àkọsílẹ̀ náà wé ti àwọn ẹ̀rọ ibòmíràn, wọ́n sì wí pé ó jọ pé àbùkù ara ẹ̀rọ ni ó fà á.

Bí ẹnìkan bá ti wo àkọsílẹ̀ náà ní ọ̀sán ọjọ́ náà ńkọ́? Àwọn kan yóò wí pé ó sàn kí a fi ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà nígbà mẹ́wàá ju kí a sin òkú lẹ́ẹ̀kan. Àwa pẹ̀lú ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ké kọ́ ni yóò san gbogbo owó igbe náà. Aláìsàn tí a gbé jáde láti orí ibùsùn yóò san nínú rẹ̀, àti obìnrin tí ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀bi tí ó yàtọ̀ sí ìyẹn ni a rí ní L'Aquila, ní ilẹ̀ Ítálì. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ilẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2009, ìjòyè ìjọba kan sọ fún àwọn oníròyìn pé kí ọkàn àwọn ará ìlú balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìlú náà láti ọ̀dọ̀ àwọn baba wọn ni pé bí ilẹ̀ bá mì ní òru, kí wọ́n jáde lọ sùn ní gbangba. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, ilẹ̀ kọ́kọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì; àwọn kan dúró sínú ilé nítorí ọ̀rọ̀ ìtùnú náà. Ní agogo 3 kọjá ìṣẹ́jú 32, ilé wó. Àwọn tí ó kú lé ní 300. Ní ọdún 2012 adájọ́ dá amòye 6 àti ìjòyè náà lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún 6 fún olúkúlùkù. Ní ọdún 2014 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn amòye 6 náà láre, ó sì dín ti ìjòyè náà kù sí ọdún 2.

Ní tiwa, a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí pé kò mọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì. Ohun tí ó wúwo lọ́kàn wa ni pé “kò séwu” pẹ̀lú jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀, ó sì ń béèrè ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí “ewu ń bọ̀” ti ń béèrè. Ẹni tí ó bá wà nídìí ẹ̀rọ Corralitos lè wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òtítọ́ pé: “Ẹ̀rọ mi ń ké, n kò mọ ohun tí ń ṣe é, ẹ wo tiyín wò.” Ìjòyè náà pẹ̀lú ìbá wí pé, “A kò mọ̀. Ẹ ṣe bí àwọn baba yín ti ń ṣe.” Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí, tí ó sì sùn síta ní òru náà, òtútù nìkan ni ìbá mú un.