Ta Ni Yóò Wá Ẹni Tí Kò Padà Wá Gba Oògùn?

Bí ọkùnrin tí ó ní kòkòrò HIV lára bá gba oògùn fún oṣù mélòó kan, tí a kò sì rí i mọ́, ta ni ó jẹ̀bi? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn kíákíá pé òun fúnra rẹ̀ ni, nítorí láti 2006 ni ìjọba ti ń fi oògùn náà fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé alábàárù kan ní ibùdókọ̀ Ọ̀yọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jókòó sí ilé ìwòsàn ìtòsí, aládùúgbò lè rí i. Nítorí náà ó yàn láti máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ó bá lọ, kò ní rí owó òòjọ́. Bí owó ọkọ̀ bá wọ́n, ó fi í di oṣù tí ń bọ̀. Nígbà tí ó bá sì dé, tí a bá a wí lójú gbogbo ènìyàn, kò tún ní padà mọ́. Ilé ìtọ́jú aboyún ni a ti ń yẹ ọ̀pọ̀ obìnrin wò. Ọkùnrin kò ní irú ẹnu-ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn ọkùnrin tí ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tún le jù èyí lọ. Ní 2014, òfin méjì jáde ní Nàìjíríà: ọ̀kan wí pé kí a má ṣe tìtorí HIV lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi iṣẹ́ tàbí nílé ìwé; èkejì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tí ó bá so yìgì. Àwọn oníwádìí tí ń tọ́jú irú wọn ní Àbújá rí i pé lẹ́yìn òfin kejì, àwọn tí ń bẹ̀rù láti wá ìtọ́jú pọ̀ sí i. Ohun yòówù tí olúkúlùkù ìbáà rò nípa ìwà wọn (a sì mọ èrò ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa), kòkòrò kì í bèèrè ìwà. Ẹni tí ń lo oògùn déédéé, títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì yóò fi ran ẹni tí ó bá lò pọ̀. Ẹni tí a fi ìtìjú lé jáde, kòkòrò rẹ̀ yóò tún bí sí i, ó sì lè ran ìyàwó rẹ̀.

Ní ti wa, ẹni tí ó fún un ní oògùn àkọ́kọ́ ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè: kí ó máa fún un ní ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, bí ara rẹ̀ bá ti gbà á, bí a kò bá sì rí i, kí ó rán ẹni tí òun náà ń lo oògùn ọ̀hún, tí ó mọ ẹnu pa mọ́, lọ sí ibùdókọ̀ láti bèèrè àlàáfíà rẹ̀, láìdárúkọ oògùn.