Àkàbà Lórí Igun Ààlà

Ní ọdún 2021, ọdẹ mẹ́rin láti Missouri gbé àkàbà irin kan lọ sí òkè Elk Mountain ní ìpínlẹ̀ Wyoming, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ní igun tí ilẹ̀ mẹ́rin ti pàdé. Méjì nínú ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìjọba, níbi tí ará ìlú ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dẹ̀gbẹ́. Méjì yòókù jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Iron Bar Holdings. Orí ilẹ̀ ìjọba kan ni wọ́n ti gun àkàbà náà, orí ilẹ̀ ìjọba kejì ni wọ́n sọ̀ sí. Ẹsẹ̀ wọn kò kan erùpẹ̀ onílẹ̀. Síbẹ̀ onílẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní wọ́n gba inú òfuurufú òun kọjá, ó sì ní wọ́n ba iye owó ilẹ̀ òun jẹ́ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là. Àwọn àgbà wa gbà pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Ní igun yẹn, onílẹ̀ ní kò tó èèyàn mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1862, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí ojú irin la orílẹ̀-èdè náà já, ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi san owó iṣẹ́. Wọ́n wọn ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin sí máìlì kan lóròó, máìlì kan níbùú, éékà 640 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Union Pacific ní ọ̀kan, wọ́n fo ọ̀kan sílẹ̀ fún ìjọba, títí ilẹ̀ fi dà bí ojú díráàfù. Wọn ò ya ọ̀nà kankan sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ilẹ̀ ìjọba ní ojú dúdú, ká pe ti onílẹ̀ ní ojú funfun. Ẹni tó bá fẹ́ ti ojú dúdú kan bọ́ sí ojú dúdú mìíràn, igun nìkan ló lè gbà. Kí n sì sọ ọ́ o, ilẹ̀ náà kì í ṣe ahoro nígbà tí wọ́n ń pín in. Ibi tí àwọn Arapaho, Cheyenne àti Shoshone ti ń dẹ̀gbẹ́ láti ìran dé ìran ni. Onílẹ̀ àti ọdẹ tó ń jà lónìí, orí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni àwọn méjèèjì dúró sí.

Kò pẹ́ tí àwọn olówó màlúù fi rí èrè tó wà nínú ìpín yẹn. Ẹni tó bá ra gbogbo ojú funfun, tó na wáyà yí i ká, ojú dúdú ti di tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe òfin kan ní 1885 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sé ilẹ̀ gbogboògbò mọ́. Ẹjọ́ Camfield, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní 1897, tú àṣírí náà. Ní Colorado, orí ilẹ̀ tara wọn nìkan ni àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ri òpó wáyà wọn mọ́, síbẹ̀ nǹkan bí éékà 20,000 ilẹ̀ ìjọba ló há sínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n hú u. Lórí ìwé, wọn ò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ àrékérekè ni.

Ojú yìí náà ni mo fi ń wo onílẹ̀ Elk Mountain, ẹni tó ni Iron Bar Holdings. Iṣẹ́ òògùn ló fi là, owó ara rẹ̀ ló sì fi ra ilẹ̀ tó lé ní éékà 20,000. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọmọlúàbí a máa ní dúkìá, a sì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní igun tí mo ń sọ yìí, òpó méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì so pọ̀, tí wọ́n gbé ìkìlọ̀ kọ́. Kò sí ọgbà mìíràn nítòsí, kò sí ilé. Ṣéènì yẹn kò dá màlúù kankan dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni kí ará ìlú má lè dé ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Nílẹ̀ wa, àgbẹ̀ a máa gbin pèrègún sí ààlà oko rẹ̀, ẹni tó bá hú u ti dá ìjà sílẹ̀. Àgbẹ̀ yìí kan náà kì í dí ọ̀nà odò. Bí ọ̀nà náà bá la oko rẹ̀ kọjá, á kọ ebè yà fún un. Ẹ̀tọ́ tí èèyàn ń lò kìkì kí ẹlòmíràn má baà rí tirẹ̀ lò, mi ò lè pè é ní ìwà.

Àwọn ọdẹ náà kò mọ́ pátápátá lójú mi. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn kọ́kọ́ wá ní 2020, òpó onílẹ̀ ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi yí ara wọn kọjá. Ohun olóhun ni wọ́n fọwọ́ kàn láìtọrọ. Ohun tó mú mi bọ̀wọ̀ fún wọn ni pé wọn ò tún un ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì. Ẹni tó ru irin wúwo rìnrìn àjò nítorí kó má baà tẹ ilẹ̀ onílẹ̀ ti ro ti ẹnì kejì mọ́ tara rẹ̀. Ó mọ ààlà, ó sì bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tó so ṣéènì lọ.

Wọ́n tún pe àwọn ọdẹ náà lẹ́jọ́ ọ̀ràn, àmọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ọ ní Carbon County dá wọn sílẹ̀ ní 2022. Adájọ́ Scott Skavdahl dá wọn láre nínú ẹjọ́ owó tí onílẹ̀ pè ní 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò sọ pé onílẹ̀ kò ni òfuurufú. Wọ́n gbà pé òfin Wyoming fún un. Wọ́n ní òfin 1885 ni kò jẹ́ kó fi ohun tó ni sé ohun gbogbo ayé mọ́.

Ẹ̀rù onílẹ̀ kì í ṣe irọ́ o. Igbó tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, ìdọ̀tí àti ìbọn aláìbìkítà lè tẹ̀lé e. Adájọ́ kò lè bá ọdẹ rìn dé igun, nítorí náà ẹni tí wọ́n ṣí ọ̀nà fún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdájọ́ yìí kò dé Montana, tó wà lábẹ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mìíràn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ṣì ń sọ pé kíkọjá ní igun kò bófin mu. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ yìí kan náà ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Block Management, níbi tí onílẹ̀ ti ń gba ọdẹ láyè wọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìjọba sì ń fún un lówó díẹ̀ nítorí ìnira rẹ̀. Kò sí òfin tó fipá mú àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí. Àwọn ló yọ̀ǹda. Irú wọn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ṣí igun sílẹ̀ ní Montana, kí adájọ́ kankan tó fi dandan lé e.