Ère Ẹlòmíràn Nínú Pálọ̀ Wa

Bíbélì fún kíkà: Ìṣe Àwọn Aposteli 17:16–31, 19:23–41, 1 Korinti 8.
Ẹsẹ àkọ́sórí: Matteu 7:12.
Ìbéèrè ẹ̀kọ́ wa: Ère tí a kò bọ, ǹjẹ́ a lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé láìro ti ẹni tí ó ni ín?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa yìí lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá wa lọ. Kò ní pẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé tiwa. Ó jẹ mọ́ àwọn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ra irú ẹrù àlòkù kan jọ. Tíkì ni wọ́n ń pe ẹrù náà.

Ní Amẹ́ríkà, bí ó bá di òwúrọ̀ Sátidé, ọ̀pọ̀ onílé a máa kó ohun tí wọn kò lò mọ́ sí iwájú ilé, wọn a sì máa tà á ní owó pọ́ọ́kú. Bí àgbàlagbà kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a ṣí ilé sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà, wọn a ta gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, láti orí ibùsùn dé orí ṣíbí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹrù àlòkù tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń bójú tó wà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń kó tíkì jọ máa ń jí lọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni ife amọ̀ tí a mọ ní àwòrán orí tí ó ranjú tí ó sì yọ eyín, ère tí a fi igi gbẹ́, àga ọparun, àtùpà tí a fi ìkarahun òkun ṣe, àti àwọn bọ́ọ̀lù díígí tí àwọn apẹja ilẹ̀ Jàpáánì ń so mọ́ àwọ̀n wọn nígbà kan rí. Ẹlòmíràn ti fi wọ́n kún odidi yàrá kan.

IBI TÍ ẸRÙ NÁÀ TI WÁ

Ní ọdún 1933 ni Amẹ́ríkà fagi lé òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan, Ernest Gantt, tí ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Donn Beach, ṣí ilé ọtí kan ní Hollywood, ó sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹni pé ó wà ní erékùṣù kan láàárín Òkun Pàsífíìkì. Victor Bergeron, tí a mọ̀ sí Trader Vic, ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Oakland. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti jà ní agbègbè òkun náà padà wálé pẹ̀lú ìtàn lẹ́nu. Ní ọdún 1959 Hawaii di ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ òfuurufú sì ń kó àwọn arìnrìn-àjò lọ síbẹ̀. Báyìí ni àṣà náà gbilẹ̀: ilé oúnjẹ, ilé ìtura, àní ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn lásán pàápàá, kún fún ère tíkì. Ilé iṣẹ́ ní California àti ní Jàpáánì ni ó ń mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ife náà.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n wó púpọ̀ nínú àwọn ilé náà, ẹrù inú wọn sì di ti ààtàn àti ti gbàǹjo. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣà wọ́n jọ, tí ohun tí a ti kà sí pàǹtírí sì di ohun tí a ń du.

Ṣùgbọ́n tíkì kì í ṣe orúkọ ife. Láàárín àwọn Máórì ní New Zealand, Tiki ni orúkọ ọkùnrin àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn. Ẹ̀ṣọ́ ọrùn kan wà tí wọ́n ń fi òkúta aláwọ̀ ewé gbẹ́, tí wọ́n ń pè ní hei-tiki. Ọmọ a máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba àti ìyá rẹ̀. Ní àwọn erékùṣù Marquesas, ère àwọn baba ńlá tí a sọ di òrìṣà ni tíkì. Ní Hawaii, ki'i ni wọ́n ń pe ère, inú tẹ́ńpìlì sì ni wọ́n ń gbé àwọn ńlá inú wọn dúró sí. Ní Rapa Nui, àwọn ère òkúta gàgàrà tí a ń pè ní moai dúró fún àwọn baba ńlá ìdílé. Ẹni tí ó ń mọ ife ní California da gbogbo wọn pọ̀, bí ẹni tí ó da egúngún Ọ̀yọ́, gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu àti ẹ̀yọ̀ Èkó pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó gbẹ́ inú orí wọn, ó sì rọ ọtí sí i.

ÌDÁHÙN MÉJÌ TÍ KÒ TÓ

Ǹjẹ́ ohun kan burú nínú èyí? Kò sí ẹni tí ń forí balẹ̀ fún ife náà. Kò sí ẹni tí ń rúbọ sí i.

Ìdáhùn kìíní ni ti ìbẹ̀rù. Àwọn kan yóò wí pé kí a fọ́ gbogbo rẹ̀ túútúú, nítorí ẹ̀mí òkùnkùn ń gbé inú rẹ̀. Paulu kò kọ́ àwọn ará Korinti bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òrìṣà kò já mọ́ nǹkan kan, àti pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà. Ife tí ilé iṣẹ́ mọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò lè gba ẹni tí Kristi ti rà padà.

Ìdáhùn kejì ni ti àìbìkítà. Òun náà wí pé: níwọ̀n bí òrìṣà kò ti já mọ́ nǹkan kan, mo lè ṣe é bí ó bá ti wù mí. Níhìn-ín ni kí a dúró sí díẹ̀. Nínú orí kan náà, Paulu kò pẹ́ kí ó tó ṣíwọ́ lórí ọ̀rọ̀ ère, tí ó sì kọjú sí arákùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Arákùnrin inú ìjọ ni Paulu ń sọ, ṣùgbọ́n Olúwa wa ti na ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí kì í ṣe ará ilé, nígbà tí ó pa òwe ará Samaria. Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: ère lè má já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó ni ère já mọ́ nǹkan.

Ẹ wo bí Paulu ti hùwà ní Ateni. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí òrìṣà tí ó kún ìlú náà, síbẹ̀ ó rìn yíká, ó fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń bọ, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ara pẹpẹ wọn, kí ó tó la ẹnu. Ní Efesu, nígbà tí ìlú dàrú nítorí Diana, akọ̀wé ìlú tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ni ó dìde tí ó jẹ́rìí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Paulu kò ja tẹ́ńpìlì lólè, wọn kò sì sọ̀rọ̀ àbùkù sí òrìṣà náà. Ẹ rò ó wò! Gbogbo Efesu mọ̀ pé Paulu kò gba Diana gbọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀sùn ẹ̀gàn kàn wọ́n. Kíkọ̀ láti bọ nǹkan kò fún wa ní àyè láti fi ẹni tí ó ni ín ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ JẸ́ KÍ A MÚ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ WÁLÉ

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Yorùbá a máa bí ìbejì púpọ̀. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn òbí a lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo, agbẹ́gilére a sì gbẹ́ ère ìbejì fún wọn. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, a sì máa fi aṣọ gbà á mọ́ra. Bí ẹ bá wo ojú púpọ̀ nínú àwọn ère wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé ó ti dán, imú àti ẹnu sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọwọ́ ìyá ni ó pa wọ́n rẹ́. Lónìí, wọ́n wà nínú àwọn mùsíọ̀mù ní London àti New York, a sì ń tà wọ́n ní gbàǹjo ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà.

Àwa tí a ti gba Jesu gbọ́ kò bọ ère ìbejì, a kò sì fẹ́ padà sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé àlejò kan, tí ẹ rí i pé ère ìbejì ni wọ́n fi há ilẹ̀kùn, tàbí tí ẹ rí i tí wọ́n gbẹ́ inú orí rẹ̀ láti máa fi mu ọtí, tí wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín, báwo ni yóò ti rí lára yín? Kì í ṣe ti òrìṣà ni yóò dùn yín. Ti ìyá náà ni. Omijé obìnrin kan ni wọ́n sọ di ohun eré.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn ará erékùṣù wọ̀nyẹn. Ní Hawaii, ọdún 1819 ni Ọba Liholiho fúnra rẹ̀ pa àwọn èèwọ̀ àtijọ́ rẹ́, tí ó sì pàṣẹ pé kí a wó àwọn ère. Ọdún 1820 ni àwọn míṣọ́nnárì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1821, àwọn ará erékùṣù Rurutu fi ọwọ́ ara wọn fa ère ńlá wọn tí ń jẹ́ A'a lé àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Ó wà ní British Museum títí di òní. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí Bowen gúnlẹ̀ sí Badagry fún ní ọdún 1850. Ní Tonga àti Samoa lónìí, Kristẹni ni ó pọ̀ jù. Àwọn kan lè wí pé, "Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jù ú sílẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bọ́ aṣọ baba rẹ̀ sílẹ̀ kò sọ pé kí àlejò fi nu ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹrù tíkì ń ya àwòrán àwọn ènìyàn tí kò ní ìbànújẹ́, tí iṣẹ́ wọn kò ju ijó etí òkun lọ. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1893 ni a lé Ọbabìnrin Liliuokalani kúrò lórí ìtẹ́ ní Hawaii, ní 1898 Amẹ́ríkà sì gba ilẹ̀ náà. Láti 1966 títí di 1996, ìjọba Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní ìgbà 193 ní Moruroa àti Fangataufa, ní agbègbè òkun àwọn tíkì kan náà. A ti kọ́ wa pé kí a má ṣe jẹ́rìí èké sí aládùúgbò wa. Àwòrán pàápàá lè jẹ́rìí èké.

KÍ A MÁA ṢE ÒDODO

A kò gbọdọ̀ da gbogbo olùkójọ lẹ́bi. Púpọ̀ nínú wọn yóò wí pé iṣẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà ni àwọn ń kó jọ, kì í ṣe ohun tí a jí nínú tẹ́ńpìlì ẹnikẹ́ni, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àga ọparun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ agbẹ́gilére kan là lọ́wọ́ iná ààtàn ṣe ohun rere. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ti ipa ife amọ̀ dé orí ẹ̀kọ́. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlú tí ère náà ti wá, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ará ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó láti fi mọ ohun tí a ń rà. Ní ọdún 2017, a ta ère ki'i kan ní gbàǹjo ní Paris ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là. Marc Benioff, olówó ará Amẹ́ríkà, ni ó rà á, ní 2018 ó sì fi í fún Bishop Museum ní Honolulu kí ó lè wà ní Hawaii. Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì bóyá ère àtijọ́ ni lóòótọ́. Bí ó bá rú àwọn ọ̀mọ̀ràn lójú, kí ni ti ẹni tí ó ń fi owó díẹ̀ ra nǹkan ní iwájú ilé aládùúgbò?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní òkè òkun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ nílé, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó san owó. Kí ni nǹkan yìí jẹ́ fún àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é? Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ pálọ̀ mi, ǹjẹ́ mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un láìtijú? Ǹjẹ́ ó ń jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ènìyàn tí ó ni ín, tàbí kí n gbàgbé pé ó wà láàyè? Bí ìdáhùn kejì àti ìkẹta bá dára, ẹ rà á pẹ̀lú ọkàn tí ó mọ́. Bí wọn kò bá dára, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Bí ẹ bá sì rí ohun tí ó jọ ojúlówó ohun mímọ́ wọn, ẹ kọ̀wé sí mùsíọ̀mù tàbí sí àwọn ará ìlú náà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kíkọ̀ láti bọ òrìṣà àti fífi ẹni tí ó ni ín ṣe ẹlẹ́yà?
2. Kí ni ẹ̀rí akọ̀wé ìlú Efesu kọ́ wa nípa bí ó ti yẹ kí onígbàgbọ́ máa sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn?
3. Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ilé yín tí ó jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn, tí ẹ kò tíì béèrè ìtàn rẹ̀ rí?
4. Bí ẹ bá jogún ère lọ́wọ́ baba yín tí kò gba Kristi gbọ́, kí ni ẹ ó ṣe tí kò ní jẹ́ ìbọ̀rìṣà, tí kò sì ní jẹ́ àbùkù sí baba yín?