Ṣé Ọmọ Ọdẹ Yóò Wá Mú Baba Rẹ̀?

Ìkómọ kan ló gbé mi lọ sí abúlé kan nítòsí Ìgbòho, lẹ́bàá igbó ọba tí à ń pè ní Old Oyo National Park. Ọdẹ kan pè mí sẹ́yìn ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé mẹ́wàá, ó ní iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko igbó lòun fẹ́ kọ́. Baba ní, “Sẹ́kítírì, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ọmọ tí mo fi owó ẹran ìgbẹ́ rán níléèwé ni yóò wá mú mi?”

A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn ẹlòmíràn ní igbó kì í ṣe ibi obìnrin. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló ń ṣẹ́gi ìdáná? Ta ló ń ṣa èso tí a fi ń ṣe òrí? Ọmọ ọdún méje la ti ń rán ọmọbìnrin sínú igbó. Ó mọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà, ó mọ ibi tí ejò ń sá sí. A kò sọ nígbà náà pé igbó léwu. Ìgbà tí ìmọ̀ yẹn fẹ́ di iṣẹ́ olówó oṣù la wá rántí pé obìnrin ni. Ìrẹ́jẹ lèmi ń pe èyí. Nígbà tí Ọlọ́run fi ẹranko sábẹ́ àkóso ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin ló fi lé lọ́wọ́.

Ewu wà nínú iṣẹ́ náà, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ní Zimbabwe, ní 2017, obìnrin 16 láti abúlé ni wọ́n kọ́kọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ igbó Phundundu. Akashinga ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn akọni, ní èdè Shona. Ẹni tí ọkọ fi sílẹ̀ wà nínú wọn, ọmọ òrukàn náà wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ìbọn nìkan ni iṣẹ́ ọ̀hún. Ní 1996, àrùn ara yíyún kọ lu àwọn gòríllà inú igbó Bwindi ní Uganda. Gladys Kalema-Zikusoka, dókítà ẹranko, rí i pé ó jọ pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ti ràn wọ́n. Ní 2003, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń tọ́jú ìlera ará abúlé àti ti gòríllà pọ̀. Nílé wa níbí, Rachel Ikemeh gba ẹ̀bùn Whitley ní 2020 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ìnàkí tó kù ní ìhà ilẹ̀ Yorùbá.

Ìbéèrè ọdẹ wa ń kọ́? Mo bi í pé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń rìn jìnnà tó kó tó rí ẹran. Ó ní ẹ̀yìn oko ni. Nísinsìnyí ńkọ́? Ó ní òun a máa sùn sóko lóru méjì, òun a sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Mo ní, “Baba, ta ló jẹ ẹran tó wà láàárín?” Ó dákẹ́.

Ọmọ tó ń ṣọ́ ìyókù kò kọ baba rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí baba bá yìnbọn nínú igbó ọba, iṣẹ́ ọmọ ni kó mú un. Ó le, n kò ní fi dídùn bò ó. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká di ẹrù náà lé ọmọbìnrin yẹn nìkan lórí. Àwa tí à ń dúró lọ́nà Ìsẹ́yìn ra ẹran ìgbẹ́ ńkọ́? Èmi alára ti jẹ ìgalà láìbèèrè ibi tó ti wá. Kí a ran baba lọ́wọ́ kó lè máa sin òyà tàbí ìgbín, kí ọjà tirẹ̀ má bàa kú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi Bàọ́lọ́jì sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìtọ́jú ẹranko igbó wà ní New Bussa láti 1978. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà ń kọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá ọmọ òun kọ lẹ́tà, mo wà ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday. Ọmọ ọdẹ yẹn ti wá gba tirẹ̀. Baba rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e wá.