Ẹ Ṣáà Máa Dúpẹ́

Ó ti pé oṣù 8 tí wọ́n ti la ẹ̀gbẹ́ àyà bàbá wa láti tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ojú egbò ti jiná. X-ray ò fi nǹkan kan hàn. Síbẹ̀, tí dánfó bá já sínú kòtò ní Costain, wọ́n á fi ọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ òsì wọn mú, wọn ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi délé.

Kí làwa ọmọ ń sọ? "Ẹ ṣáà máa dúpẹ́, Bàbá. Ẹ̀mí yín wà." Wọ́n ti jẹ́rìí níwájú ìjọ, a sì ti jó. Ta ló máa jẹ́rìí tán, tó tún máa jáde wá sọ pé ó ń dun òun?

Iṣẹ́ sọfitíwià là ń ṣe jẹun. Tí oníbàárà bá ní áàpù ò ṣiṣẹ́, tí a wo log tí kò sí error kankan níbẹ̀, ohun tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé, "Lórí kọ̀ǹpútà tiwa, ó ń ṣiṣẹ́ o." Àmọ́ oníbàárà ò purọ́. Log kì í kọ ohun tí a ò ní kó máa kọ.

X-ray náà ò yàtọ̀. Ó ń fi egungun hàn, kì í fi nerve hàn. Bẹ́ẹ̀, nerve kan ń gba abẹ́ egungun ìhà kọ̀ọ̀kan kọjá. Tí dókítà bá fi irin ya egungun ìhà kó tó lè dé ẹ̀dọ̀fóró, irin yẹn lè tẹ nerve náà tàbí kó fà á, á sì máa ránṣẹ́ ìrora sí ọpọlọ lẹ́yìn tí egbò ti jiná tán. Kì í ṣe àròsọ. Nínú ICD-11, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, ìrora tó bá lé ní oṣù 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní orúkọ tirẹ̀.

Àbúrò wa ní, "Tí wọ́n bá ń ṣe àṣejù ńkọ́?" Ó ṣeé ṣe. Tí a bá gbà wọ́n gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sán kan la pàdánù ní ọsibítù. Tí a ò bá gbà wọ́n gbọ́ tó sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa dá jẹ̀rora nínú ilé tó kún fọ́mọ.

Ká má tan ara wa: "ẹ dúpẹ́" tí à ń sọ yẹn, etí tiwa là ń wá ìsinmi fún. Èèyàn lè dúpẹ́ kó sì ké, lọ́jọ́ kan náà.

Ní Sátidé, a jókòó tì wọ́n, a bi wọ́n pé báwo gan-an ló ṣe ń dùn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ wojú wa bóyá à ń ṣeré.

"Ó máa ń ta mí bí iná. Alẹ́ ló burú jù."

Oṣù 8. A ò mọ̀ pé wọn kì í sùn.