Ta Ni Ó Ni Owó Ẹgbẹ́?



Lẹ́yìn Mísà àárọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà bi mí léèrè pé, "Fadá, kí ni ó kan ìjọba nínú owó tí a fi fún Ọlọ́run?" Ìbéèrè àgbà ni. Òun ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa ní ọdún 2020.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin titun lórí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, èyí tí a ń pè ní CAMA. Abala 839 inú rẹ̀ fún Àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbára láti dá àwọn alámòójútó ẹgbẹ́ dúró, bí ó bá ní ìdí láti gbà pé wọ́n hùwà àìtọ́, kí ó sì fi ẹlòmíràn sí ipò wọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, CAN, kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹgbẹ́ ń gbà lọ́wọ́ òfin? Ènìyàn a máa kú. Ẹgbẹ́ tí a forúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ sílẹ̀ kì í bá wọn kú. Bí a bá fi orúkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Agége lónìí, ilẹ̀ náà yóò wà fún àwọn ọmọ-ọmọ wa. Òfin sì dá iṣẹ́ ìsìn, ti àánú àti ti ẹ̀kọ́ sí nínú owó orí, bí èrè wọn kò bá ti inú òwò wá. Owó orí tí a dárí rẹ̀ ji ẹnìkan, aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń bá a ru ú, ìbáà ṣe Kristẹni tàbí Mùsùlùmí. Nítorí náà ni òfin fi wí pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ pín owó ẹgbẹ́ bí èrè.

Kí a má sì ṣe rò pé ayé ni ó gbé ìṣírò kò wá lójú. Òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1983 wí bákan náà. Kánọ́nù 1267 pa á láṣẹ pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ mú ọrẹ wá nìkan ni kí a ná an lé. Kánọ́nù 1287 sì ní kí a jíyìn ọrẹ fún àwọn tí ó mú un wá.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí àwọn opó ń dá owó ìsìnkú sí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kú, a kò rí owó, a kò sì rí ìwé. Akápò wí pé, "Ọlọ́run mọ̀." Òtítọ́ ni pé Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n òkú ṣì wà nílẹ̀.

Èyí kò sọ ìjọba di olúwa pẹpẹ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òun ni àgbà òṣìkà. Àjọ tí ó fi ẹ̀sùn kan alámòójútó kò yẹ kí ó tún jẹ́ adájọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù kí a tó yọ ọ́. Lórí èyí, ẹ̀rù tí ó ba CAN kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń bẹ̀rù ìrẹ́jẹ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó kórìíra ìmọ́lẹ̀.

Ìdáhùn mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí: owó tí a fi fún Ọlọ́run kì í ṣe ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti akápò, kì í sì í ṣe ti Fadá. Kí gbogbo ẹgbẹ́ inú ìjọ yìí máa ka ìṣírò wọn sí etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí òfin bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò ṣí i láìgbọ̀n.

Kí Olúwa sọ wá di ìríjú olóòótọ́. Àmín.