Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́

Bíbélì kíkà: Fílípì 3:12-14, Jòhánù 21:15-17

 

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé eré tẹ́nìsì ni mo fẹ́ fi ṣe àpèjúwe lónìí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kò tijú láti fi eré ìje kọ́ ìjọ Kọ́ríńtì, nítorí pé nítòsí ìlú wọn ni wọ́n ti máa ń ṣe eré ìdíje ńlá kan ní ọdún méjì-méjì, tí wọ́n sì máa ń fi adé ewé dé ẹni tó borí. Ohun tí wọ́n ń fojú rí ni ó fi kọ́ wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ń wo tẹ́nìsì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwa náà rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Èkíní: Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹ́nìsì ṣe iṣẹ́ òòjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń pàdánù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní Wimbledon, ní London, obìnrin 128 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà 128. Ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan ti jáde nìyẹn. Nínú 128, àwọn 127 ni yóò pàdánù. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gba ife-ẹ̀yẹ. Láìpẹ́, wọ́n á tún pàdé ní ìlú mìíràn. Ẹni tí ìpàdánù kan bá mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì pátápátá kò lè pẹ́ nínú iṣẹ́ náà.

Roger Federer, ará Switzerland, tó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá 20 kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2022, sọ òtítọ́ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè jáde ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, ní 2024. Ó ní nínú ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan tó lé ní 1,500, òun borí ní nǹkan bí 80 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àmì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jọ dù, 54 péré nínú 100 ni ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdajì ohun tó dù.

Èkejì: Wọn kì í gbé àmì tó lọ dání wọ inú èyí tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 25 ni wọ́n ní láàárín àmì kan sí òmíràn. Wọ́n á nu ojú, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta. Ẹni tó ṣì ń ráhùn nítorí bọ́ọ̀lù tó há sínú àwọ̀n kò ní rí èyí tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i ní kíláàsì: ọmọ tí ìbéèrè kìíní bá le fún, tó sì jókòó tì í, agogo á lù, á fi èyí tó mọ̀ sílẹ̀ láìṣe.

Ní 1983, Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó, pàdé Guillermo Vilas ará Ajẹntínà ní Wimbledon. Vilas ni wọ́n tò sí ipò kẹrin nínú àwọn àgbà òṣèré ọdún náà. Abala mẹ́ta ni ẹni tó máa borí yóò gbà, Vilas sì ti gba méjì àkọ́kọ́. Odizor kò káwọ́ lérí. Ó gba mẹ́ta tó kù, ó sì bá ìdíje náà dé ìpele kẹrin.

Ẹ̀kẹta: Òru kan náà ni Júdásì àti Pétérù kùnà. Júdásì rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ó sì pa ara rẹ̀. Pétérù sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n ó wà láàárín àwọn ará títí Olúwa fi bá a létí òkun. Olúwa kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Pétérù sẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó bi í léèrè bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, gbígbàgbé ohun ẹ̀yìn kì í ṣe àìbìkítà. Àwọn eléré náà máa ń jókòó ti olùkọ́ wọn lẹ́yìn ìdíje láti yẹ àṣìṣe wò. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n á dìde.

Ọmọ arábìnrin kan lè ti kùnà JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjà òmíràn ti wó. Ilé òmíràn ti tú. Òmíràn sì ti sin ọmọ. N kò sọ pé ikú ọmọ dà bí bọ́ọ̀lù o. Ẹkún ní àkókò tirẹ̀, ó sì ju ìṣẹ́jú-àáyá 25 lọ. Nígbà tí àwọn àgbà wa ń sọ fún abiyamọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, wọn kò sọ pé omi náà kò níye lórí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, “Ìwọ ṣì wà.”

Eléré tẹ́nìsì dá dúró lórí pápá. Onígbàgbọ́ kì í dá dúró. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká di ẹni tó ń ka ìpàdánù arábìnrin wa síra wa létí. Bí ó bá ti pẹ́ tí a ti rí ẹnì kan ní ìpàdé, ẹ jẹ́ ká lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Kí Ẹni tó gbé Pétérù dìde gbé gbogbo wa dìde. Àmín.